Báwo ni labalábá ṣe ń mọ ewé ọsàn láàárín gbogbo ewé ọgbà?

Ìyá kan tó ń tọ́jú ọmọ igi fún títà ní Òde Rẹ́mọ ló kọ̀wé sí wa báyìí: “Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti ń tọ́jú ọmọ igi ọsàn mímu, òroǹbó, máńgòrò àti obì. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni labalábá ńlá dúdú kan tó ní tótòtó àwọ̀ ìyeyè lára ti ń wá lójoojúmọ́. Á fi máńgòrò sílẹ̀, á fi obì sílẹ̀, á fò kọjá lórí ewúro, orí ọsàn àti òroǹbó nìkan ni í bà sí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ igi mi kò tíì tanná, ká má tíì sọ pé wọ́n so. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí kòkòrò á fi jẹ ewé wọn tán. Bí mo bá fọwọ́ kan kòkòrò náà, á yọ ìwo pupa méjì síta bí ahọ́n ejò. Àwọn àgbà ní labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fà ya, ṣùgbọ́n èyí ń rìn láàárín ẹ̀gún òroǹbó bí ẹni pé kò sí ẹ̀gún níbẹ̀. Aládùúgbò mi kan tilẹ̀ sọ pé wọ́n ń rán an sí mi ni. Ṣé labalábá yìí ló ń jẹ ewé? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọsàn nìkan ló mọ̀? Ṣé kò ní ti orí ọsàn bọ́ sórí obì mi, nítorí mo ti rí ìdin nínú obì rí? Kí ni kí n ṣe sí i?”

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa, ẹ sì kú àfojúsùn, nítorí ohun tí ẹ fojú rí lẹ́yìnkùlé yín, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba ibẹ̀ kọjá láìrí i. Ohun méjì ni mo rí pé ó ń dà yín láàmú: owó tó ń wọmi nínú ọmọ igi tí kòkòrò ń jẹ, àti ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín tí kò jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí èkejì kúrò nílẹ̀. Kò sí ẹni tó rán labalábá náà sí yín. Papilio demodocus ni àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè é, ó sì wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà láti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà títí dé gúúsù pátápátá. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù, bí igi òroǹbó kan ṣoṣo bá wà lẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni, labalábá yìí á débẹ̀ lákòókò òjò. Ohun tó mú kó pọ̀ lọ́dọ̀ yín ju ti àwọn ará àdúgbò lọ ni pé ẹ̀yin lẹ ní ọmọ igi ọsàn púpọ̀ lójúkan, tí gbogbo wọn sì ń rú ewé tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín àti ẹnikẹ́ni.

Ní ti pé ṣé labalábá ló ń jẹ ewé, rárá ni, kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò fi jẹ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ kò ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ká jọ sábẹ́ orí lọ, omi nìkan ló sì lè fi fà: omi adùn inú òdòdó, omi èso tó ti ń rà, àti omi ilẹ̀ tó ní iyọ̀ nínú. Àwọn labalábá tí ẹ máa ń rí tí wọ́n ṣù jọ sí ibi tí omi dá rogún sí lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò, akọ ló pọ̀ jù nínú wọn, iyọ̀ inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí labalábá ọsàn yín bá fẹ́ jẹun, orí òdòdó ẹ̀wọ̀n adẹ́lé tó wà létí ọ̀nà ni yóò lọ, kò sì ní yé ẹyin kan síbẹ̀ láéláé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í mú, tí wọ́n á rò pé adùn òdòdó tàbí ti èso ló ń fa labalábá wá sórí igi tó ń yé sí. Igi tó ti ń jẹun yàtọ̀ sí igi tó ń bímọ sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi jámọ́ nǹkan kan fún un pé ọmọ igi yín kò tíì tanná: ewé ló bá wá, nítorí ewé ni àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn kòkòrò tí ẹ ń rí, yóò jẹ. Ọmọ tó bá sì jáde nínú ẹyin náà kéré débi pé kò lè rìn láti igi kan lọ sí èkejì. Bí ìyá bá yé e sórí ewé tí kò lè jẹ, ebi ni yóò pa á síbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tó mọ́. Gbogbo ìtọ́jú tí labalábá lè ṣe fún ọmọ rẹ̀ wà nínú ibi tó yàn fún ẹyin, torí lẹ́yìn tó bá ti yé, kì í padà wá wò ó.

Ìwo pupa tí ẹ rí kì í ṣe ti ejò, kò sì ní oró. Ẹ̀yà ara rírọ̀ kan ni, tó pín sí méjì bí igi kànnàkànnà, tó sì máa ń wà ní pípamọ́ lẹ́yìn orí kòkòrò náà títí nǹkan kan yóò fi dẹ́rù bà á. Bó bá ti yọ ọ́ síta, òórùn kíkan kan á jáde lára rẹ̀, òórùn náà ló sì fi ń lé eèrà, aláǹtakùn àti àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń dọdẹ rẹ̀. Kì í ta ènìyàn, kò sì lè gé ènìyàn jẹ. Nígbà tó ṣì kéré, ó dúdú, ó ní funfun díẹ̀ láàárín, ẹ ó rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni lórí ewé, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹyẹ fojú sí i. Bó bá dàgbà tán ni yóò bọ́ awọ, tí yóò wá di àwọ̀ ewé. Ẹ fi ọwọ́ mú un láìbẹ̀rù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo rẹ̀: báwo ló ṣe ń mọ ọsàn? Ìgbésẹ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ń lò láti òkèèrè yàtọ̀ sí ohun tó ń lò nítòsí. Láti òkèèrè, ojú àti òórùn ló ń lò. Ó máa ń fò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ọgbà, ó ń wá ohun tó ní àwọ̀ ewé tútù, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì tó wà lórí rẹ̀ sì ń gbọ́ òórùn tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá. Àwọn labalábá kan tilẹ̀ ń kọ́ ìrísí ewé sórí. Ní ọdún 1978, Mark Rausher tẹ ìwádìí kan jáde lórí Battus philenor, labalábá kan tí òun àti tiwa jọ wá láti ìran kan náà, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé igi méjì ni labalábá náà ń yé sí níbẹ̀, ọ̀kan ní ewé fẹ̀ǹfẹ̀, èkejì ní ewé tóóró, àti pé abo kọ̀ọ̀kan máa ń fojú sí irú ewé kan ṣoṣo lákòókò kan: èyí tó ń wá ewé fẹ̀ǹfẹ̀ á máa bà sórí gbogbo ewé fẹ̀ǹfẹ̀ tó bá rí, ìbáà jẹ́ ti igi mìíràn, èyí tó ń wá ewé tóóró á sì fojú fo ewé fẹ̀ǹfẹ̀ dá. Ojú labalábá lè ṣì í lọ́nà, nítorí náà kì í fi ojú nìkan parí ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tó ti ń parí rẹ̀, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ igi yín láàárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti mú díẹ̀ tí ìrì sì ti gbẹ. Abo tó bá wá yé kì í jókòó bí èyí tó ń mu omi òdòdó. Ìyẹ́ rẹ̀ kì í sinmi, á máa gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò fi kan etí ewé, ìyẹn ni ẹ̀gún kì í fi í rí aṣọ rẹ̀ mú. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lu ewé náà kíákíá. Lórí ewé ewúro, á lù ú lẹ́ẹ̀kan, á sì gbéra. Lórí ewé ọsàn, á lù ú, á tẹ ìdí rẹ̀ wálẹ̀, á fi ẹyin kan ṣoṣo lẹ̀ mọ́ ọn, á sì ti fò lọ kí ẹ tó mọ̀. Ẹyin náà rí roboto, ó ń dán, kò ju orí píìnì lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Lílù tó ń lu ewé yẹn, ìtọ́wò ni. Àwọn irun tíntìntín wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tí í máa mọ adùn, ìkorò àti oríṣiríṣi èròjà inú ewé. Dwight Minnich, ará Amẹ́ríkà, ló fi ìdánwò hàn ní ọdún 1921 pé labalábá ń fi ẹsẹ̀ tọ́ nǹkan wò: bí omi ṣúgà bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tó ká jọ á nà jáde fúnra rẹ̀. Bí oníṣòwò obì ní Ṣàgámù ṣe ń fọwọ́ pa obì lára kó tó dá owó lé e, tí kì í fi ojú nìkan rà á, bẹ́ẹ̀ ni labalábá ṣe ń fi ẹsẹ̀ yẹ ewé wò.

Kí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń wá lára ewé ọsàn? Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, àpapọ̀ èròjà ni. Àwọn onímọ̀ ní Japan ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí Papilio xuthus, ẹ̀yà Éṣíà tó ń yé sórí ọsàn bíi tiwa, wọ́n sì ti ya àwọn èròjà náà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní synephrine. Ní ọdún 2011, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí ẹ̀yà ìtọ́wò inú ẹsẹ̀ labalábá náà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ synephrine, àti pé nígbà tí àwọn dí ẹ̀yà náà lọ́wọ́ iṣẹ́, ẹyin tí labalábá ń yé nítorí èròjà náà dín kù gidigidi. Ewé tí kò bá ní àpapọ̀ èròjà yìí, ì báà tutù yọ̀yọ̀, kì í ṣe ewé lójú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wú mi lórí jù lọ nìyí, ẹ sì jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn èròjà tí labalábá fi ń dá igi mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun tí igi fi ń gbèjà ara rẹ̀. Igi kò lè sá, oró ló fi ṣe odi. Òórùn líle tí ẹ máa ń gbọ́ bí ẹ bá fọwọ́ ra ewé òroǹbó, òróró inú ewé náà ni, ó sì ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìran labalábá kan lè wà tí ara rẹ̀ ti mọ bí a ti ń borí oró náà, bó bá sì ti borí rẹ̀, odi tó ń lé àwọn yòókù á di àmì tí òun fi ń mọ ilé, níbi tí àwọn abánidíje kò pọ̀. Ní ọdún 1910, Eduard Verschaffelt ní Amsterdam mú èròjà títa tó wà nínú ewé kábééjì àti àwọn ìbátan rẹ̀, ó fi pa ewé mìíràn tí ọmọ labalábá kábééjì kì í fẹnu kàn lára, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ní 1964, Paul Ehrlich àti Peter Raven kó gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa irú ewé tí ìran labalábá kọ̀ọ̀kan ń jẹ jọ, wọ́n sì fi hàn pé àwọn labalábá tó bá jẹ́ ìbátan ara wọn sábà máa ń jẹ àwọn igi tó bá jẹ́ ìbátan ara wọn, nítorí pé igi àti kòkòrò ti jọ ń ṣe ara wọn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyẹn ló sì jẹ́ ká mọ ibi tí labalábá yín wà kí ọsàn tó dé. Ilẹ̀ Éṣíà ni ọsàn àti òroǹbó ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni labalábá yìí ti wà tipẹ́. Àwọn ìbátan ọsàn tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa ló ń yé sí: atàpàrì òbúkọ, tí àwọn elégbòogi mọ̀ dáadáa, àti igi orin àta tí àwọn bàbá wa fi ń rin ẹnu. Ẹ já ewé atàpàrì òbúkọ kan àti ewé ọsàn kan, kí ẹ gbé méjèèjì sókè kí oòrùn tàn là wọ́n kọjá. Ẹ ó rí àwọn ojú tótòtó wẹ́wẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn yọ, nínú ewé méjèèjì. Àpò òróró ni wọ́n, àmì ìdílé ọsàn sì ni. Ẹ wá ti inú ewé máńgòrò tàbí ti obì, ẹ kò ní rí wọn. Nígbà tí ọsàn dé ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ labalábá yìí tọ́ ọ wò, ó rí i pé ìtọ́wò ilé ni, bó ṣe di ará oko ọsàn nìyẹn.

Kì í ṣe labalábá ọsàn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ewédú lọ́gbà yóò ti rí labalábá kékeré aláwọ̀ pupa osùn tó ń wá síbẹ̀; Acraea ni ìran rẹ̀ ń jẹ́, òun kì í yé ẹyọ kọ̀ọ̀kan bíi ti ọsàn, ńṣe ló ń to ẹyin púpọ̀ pọ̀ sójú ewé kan, àwọn ọmọ rẹ̀ tó ní ẹ̀gún lára á sì jọ máa jẹ ewédú náà lọ. Labalábá aláwọ̀ búlúù kékeré kan wà tó jẹ́ pé inú ẹ̀wà ló ń wá, àárín òdòdó àti ìrudi rẹ̀ ló ń yé sí, kí ọmọ lè wọnú pádi ẹ̀wà lọ jẹun. Òmíràn tó gbajúmọ̀, Danaus chrysippus, orí bọmubọ́mu àti àwọn ìbátan rẹ̀ olóje funfun ló ń yé sí. Oje náà lóró, ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́, á tọ́jú oró náà pamọ́ sára, á sì gbé e dàgbà, débi pé ẹyẹ tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ ẹ mọ́.

Nínú igi tó tọ́ pàápàá, labalábá ṣì ń ṣa. Ẹ ó ti kíyè sí i pé ẹyin kì í pọ̀ lórí ewé tó ti gbó tó sì le. Ewé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tó rọ̀, ló fẹ́, nítorí ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò lè gé ewé líle. Ìdí nìyí tí kì í fi í yọ àgbà igi ọsàn lẹ́nu tó ọmọ igi: àgbà igi ń rú ewé tuntun fún ìgbà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ igi tí ẹ ń bomi rin tí ẹ sì ń fi ajílẹ̀ sí, ewé tútù ni nígbà gbogbo. Àwọn labalábá kan tún máa ń wò ó bóyá ẹlòmíràn ti yé síbẹ̀ ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà ti àárín àti ti gúúsù, àwọn labalábá Heliconius tó ń yé sórí ìtàkùn passion kì í fẹ́ yé síbi tí ẹyin bá ti wà, torí ọmọ tó bá kọ́kọ́ pa lè jẹ ẹyin ẹ̀yìn. Ìtàkùn kan níbẹ̀ sì wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń mú àmì àwọ̀ ìyeyè jáde lára, tó jọ ẹyin, ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1981 sì fi hàn pé labalábá ń tìtorí àmì èké náà fi igi sílẹ̀. Ti ọsàn tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ igi bá kéré, ẹ lè rí ẹyin mélòó kan lórí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ abo tó ju ọ̀kan lọ, ebi á sì pa àwọn ọmọ náà nígbà tí ewé bá tán.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé kì í ṣì í rárá. Abo tí ẹyin ti pọ̀ nínú rẹ̀ tí kò sì rí igi tó fẹ́ kì í ṣa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àṣìṣe tó tún burú jù ni ti igi àjèjì tó ní àmì tó tọ́ lára, ṣùgbọ́n tí oró rẹ̀ yàtọ̀. Ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, labalábá funfun kan tí ń jẹ́ Pieris virginiensis máa ń yé sórí ewé kan tí àwọn òyìnbó gbé wá láti Yúróòpù. Ìtọ́wò ewé náà bá ti àwọn ewé rẹ̀ àtijọ́ mu lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó bá pa síbẹ̀ kì í yè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹyin kan lórí ewé tí kì í ṣe ọsàn, ẹ má ṣe rò pé labalábá ti mú igi mìíràn.

Ọkàn yín lè balẹ̀ lórí obì àti máńgòrò. Ìdílé tí obì ti wá ni kòkó ti wá, ìdílé tí máńgòrò ti wá ni kajú àti ìyeyè ti wá, kò sì sí èyí tí ẹsẹ̀ labalábá yìí lè pè ní ọsàn. Ìdin tí ẹ rí nínú obì kì í ṣe ọmọ labalábá. Ọmọ kòkòrò onímú gígùn kan ni, Balanogastris kolae, tó ń yé ẹyin sínú obì fúnra rẹ̀, kò sì bá ewé ṣe nǹkan kan. Àwọn oníṣòwò obì ní Rẹ́mọ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ ni mo máa fi ṣáájú fún ẹni tí ọmọ igi rẹ̀ kò kọjá ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ ti mọ̀ pé ewé tuntun nìkan ni labalábá ń fẹ́, kò sí ìdí láti máa yẹ gbogbo igi wò. Ẹ wo ewé orí àti ewé tó ń yọ, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta nígbà òjò, kí ẹ fi ìka ré ẹyin dànù. Bí ẹ bá rí ẹyin tó ti dúdú, ó ti fẹ́ pa nìyẹn. Kòkòrò tó bá ti pa, ẹ ṣà á. Bí àánú rẹ̀ bá ṣe yín, bó ti máa ń ṣe èmi, ẹ gbé e lọ sórí àgbà igi ọsàn tàbí òroǹbó kan. Ewé tí yóò jẹ níbẹ̀ kò lè dín èso igi náà kù. Ẹ má ṣe gbé e sórí atàpàrì òbúkọ, nítorí kòkòrò tó ti fi ewé kan dàgbà lè kọ òmíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ìbátan.

Ohun kejì ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ igi ọsàn dá dúró lórí ilẹ̀ tí ẹ ti ro mọ́ féfé. Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí kábééjì àti àwọn kòkòrò rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkíyèsí pé nígbà tí ewé mìíràn bá yí ohun tí kòkòrò ń wá ká, ẹyin tí kòkòrò ń yé sórí rẹ̀ máa ń dín kù, torí kòkòrò á máa bà sórí ewé tí kò tọ́, á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbin efinrin sáàárín ọ̀gbìn wọn nítorí òórùn rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ewé tútù tó ń fi dí ojú kòkòrò ló ń ṣe iṣẹ́ náà ju òórùn lọ, nítorí náà ewé yòówù tí kò bá ní fún ọmọ igi pa ló lè ṣe é. Ẹ to àwọn àpò obì àti máńgòrò yín pọ̀ mọ́ ti ọsàn, kí ẹ má ṣe to ọsàn nìkan sí ojú kan. Èyí á dín ẹyin kù. Kò lè ní kó má sí rárá.

Àwọ̀n ló dájú jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn àlòkù tí kò ya, tí ẹ fi igi gbé sókè kó má fara kan ewé, á dí labalábá lọ́nà pátápátá, ó kàn jẹ́ pé bí ẹyin bá ti wà nínú kí ẹ tó dì í, ẹ ti sé kòkòrò mọ́ ibi tí ẹyẹ àti agbọ́n kò ti lè bá a nìyẹn. Omi ewé tàbí hóró dóńgóyárò ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò kékeré, kì í jẹ́ kó jẹun, kì í sì í jẹ́ kó dàgbà dáadáa, ṣùgbọ́n òjò ń fọ̀ ọ́ dànù, oòrùn sì ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ẹ ó máa fín in léraléra ni. Eérú tí àwọn kan ń bu lé ewé kò pẹ́ lára rẹ̀ lákòókò òjò, mi ò gbára lé e. Ní ti oògùn apakòkòrò líle, yóò pa kòkòrò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò pa àwọn agbọ́n wínníwínní tó ń yé ẹyin tiwọn sínú ẹyin labalábá, yóò lé eèrà pupa tó ń fi ewé rán ilé lórí igi, yóò sì pa oyin tó ń bọ̀ wá sórí òdòdó àwọn aládùúgbò yín. Àwọn wọ̀nyí ló ń bá yín pa púpọ̀ nínú ọmọ labalábá láìgba owó lọ́wọ́ yín. Fún ọmọ igi tí ọwọ́ yín tó, mi ò rí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ra irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ igi tí kòkòrò bá ti jẹ ewé rẹ̀ tán kò tíì kú. Bí igi rẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji díẹ̀, ẹ máa bomi rin ín, yóò tún rú ewé, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ewé tuntun náà gan-an, torí òun ni labalábá yóò tún wá. Kí ẹ sì máa sọ fún àwọn tó ń ra ọsàn lọ́wọ́ yín pé kí wọ́n máa yẹ ewé orí wò títí igi yóò fi ga ju ènìyàn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi labalábá náà sílẹ̀, igi tó ti tó bẹ́ẹ̀ ní ewé tó tó òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.